Ìyá Tó Bí Mi Náà Ń Lò Ó

Bí wọ́n bá bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Èkó, èsì mi kì í pẹ́: ariwo ni mò ń pa. Àwọn kan ń ta ọjà, àwọn kan ń rà á, èmi wà láàárín wọn, mò ń pariwo. Nígbà tí mò ń kúrò nílé, kì í ṣe ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn. Mo rò pé bí mo bá ti dé Èkó báyìí, kò ní pẹ́ tí màá fi di ọ̀gá tí àwọn ẹlòmíràn ń pariwo fún.

Kétu ni ilé mi, Kétu tó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní òdìkejì ẹnubodè, níbi tí àwa Yorùbá ti ń fi èdè Faransé kàwé. Mo ní láti là á yé yín nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ kẹta tí mo dé. Ládìpọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ni mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́. Ọkùnrin tó ni ìsọ̀ bi mí pé ọmọ ibo ni mí.

"Ọmọ Kétu ni mí, ẹ̀gbọ́n."

"Kétu? Ṣébi ìtòsí níbẹ̀ yẹn. Kí lo wá ń wá yàrá sí ní Muṣin? Máa wọkọ̀ lọ sílé ẹ bí iṣẹ́ bá ti parí."

"Kétu tiwa ni mò ń wí, ẹ̀gbọ́n. Kétu ti Alákétu. Orílẹ̀-èdè mìíràn ló wà."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Orílẹ̀-èdè wo ni wọ́n ti ń sọ Yorùbá tó dán báyìí?"

Ẹni tó jókòó tì í dá a lóhùn pé, "Ọ̀gá, Àgànyìn ni jàre." Bí wọ́n ṣe sọ mí ní Àgànyìn nìyẹn. Ó dùn mí o, n kò ní purọ́. Ìtàn tí wọ́n pa fún wa nílé ni pé ọmọ Odùduwà ló tẹ ìlú wa dó, àwọn ọmọ Odùduwà ẹgbẹ́ mi ló wá ń pè mí ní àjèjì lójú ara mi.

Nǹkan kékeré ló ń jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé òun kò sí nílé. Nílé wa, ọkùnrin tó bá fẹ́ kí àgbà a máa dọ̀bálẹ̀, aṣọ rẹ̀ ìbáà funfun. Oníbàárà àkọ́kọ́ tó yà sí ìsọ̀ wa, bàbá arúgbó kan tó wá ra bírékì, mo na gbalaja fún un. Ó fò sẹ́yìn, ó di àpò rẹ̀ mú. Ó ní, "Mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ o, má bínú." Ó rò pé mo fẹ́ tọrọ owó ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ láti máa tẹ orí ba díẹ̀, bí àwọn ará Èkó ti ń ṣe, kí n sì yára nà ró kí wọ́n tó kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fi mí sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo, ó fún mi lóhùn. Ní Kétu, èmi ni mo máa ń sọ̀rọ̀ níbi ìdíje bọ́ọ̀lù, tí màá máa ki agbábọ́ọ̀lù débi pé yóò gbàgbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, yóò máa rẹ́rìn-ín. Ohùn yẹn náà ni mo fi ń pe oníbàárà ní Ládìpọ̀. "Ṣọ́ọ̀kì rèé o! Ẹ gbé e sọ́kọ̀, kí ẹ máa lọ bí ẹni tó sùn sórí ibùsùn!" N kò mọ ibi tí ṣọ́ọ̀kì ń gbé lábẹ́ ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi mí.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan wá ra ṣọ́ọ̀kì, ó rà á tán, kò lọ. Ó dúró, ó ń tẹ́tí sí mi bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí. Ẹ̀gbọ́n Wàhábì ni, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí ó ń ta àgbo inú ìgò. Gbogbo ọjà ń pe àgbo náà ní Ìgò Dúdú nítorí àwọ̀ ìgò rẹ̀. Ó ní kí n fi irin tí n kò mọ̀ sílẹ̀, kí n wá fi ohùn mi ta ohun tí ènìyàn ń mu. Ó tún ní òun máa fún mi níbi tí màá sùn ní Muṣin, nínú yàrá tí wọ́n ń kó ìgò sí. Ẹni tó ti ń sùn lórí bẹ́ǹṣì láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Inú ọkọ̀ rẹ̀ la ti gba ohùn náà sílẹ̀, ní ọ̀sán gangan, gíláàsì gbogbo wà ní títì pa kí ariwo àdúgbò má baà wọlé. Òógùn ń já bọ́ lára wa méjèèjì. Fóònù ló gbé sí mi lẹ́nu.

"Ẹ̀yìn ń dùn yín? Orúnkún ń ké? Oorun kò wá? Ẹ gbé hóró tì, ẹ gbé Ìgò Dúdú! Ewé ni, egbò ni, iṣẹ́ ọwọ́ àgbà ni!"

Ẹ̀gbọ́n Wàhábì mi orí. "Ó dùn, àmọ́ kò sí ènìyàn nínú ẹ̀. Ewé, egbò, ta ló ń lò ó? Ènìyàn ni ènìyàn ń gbà gbọ́. Wá ẹnì kan sí i."

N kò ronú. Nílé wa, bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wúwo, ìyá la máa ń mú wọ̀ ọ́. Mo ṣáà la ẹnu: "Ìyá tó bí mi náà ń lò ó!"

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi ọwọ́ gbá sítíárìn, hóònù ké, a sì ní láti tún un gbà. Ó ní, "Ọmọ Kétu, ìyẹn gan-an! Má yọ ọ́ o!" Mi ò yọ ọ́. Lọ́sẹ̀ kan náà, ohùn náà ti wà nínú mẹ́gáfóònù gbogbo àwọn tó ń bá a kiri ọjà, láti Muṣin dé Ọ̀yìngbò.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé irọ́ ni. Màmá mi kò fojú kan Ìgò Dúdú rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣe é, hóró oògùn tí dókítà kọ fún un ní Kétu ló sì ń lò, ọ̀kan láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ọ̀rọ̀ ìpolówó sí ọ̀rọ̀? Ẹni tó ń kiri àgbàdo nílé wa ń pariwo pé tòun dùn ju oyin lọ, kò sí ẹni tó mú un lọ sáàfin nítorí ìyẹn.

Ọ̀yìngbò ni ìsọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n Wàhábì ti ń ta àgbo wà, ìsọ̀ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Àǹtí Fúnkẹ́ ló ni ín, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ oníke ló ń tà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ẹ̀gbọ́n Wàhábì fẹ́ràn láti máa sọ fún un pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò.

Àǹtí Fúnkẹ́ á ní, "Ẹ rọra o. Àgúnmu tó bá pọ̀ jù, wọ́n ń gbé ènìyàn lọ ọsibítù ni."

Èmi máa ń dá sí i pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Mo ti wo ojú àwọn èrò tó ń kọjá. Wọn kì í wò wá. Ohùn mi a máa wọlé ní etí kan, a sì jáde ní ìkejì, bí ti kọńdọ́ ọkọ̀ èrò. Àǹtí Fúnkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó bi mí irú ọṣẹ ìfọyín tí mo ń lò. Mo sọ orúkọ rẹ̀. Ó ní ta ló sọ fún mi nípa rẹ̀. Mo fẹ́ dáhùn, mo sì rántí pátákó ńlá kan lójú ọ̀nà Ojúẹlẹ́gbà, pẹ̀lú arẹwà kan tó ń fi eyín funfun rẹ́rìn-ín sí mi láràárọ̀. Ní Kétu, orín ni mo ń rún. Mo bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, mo ní kí n bá a tò ó.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fiyè sí i. Ọkùnrin kan tó bú wa lọ́jọ́ Ajé pé a ń fọ́ òun létí, òun náà ló wá ra ìgò méjì lọ́jọ́ Ẹtì, tí kò sì wo ojú mi. Àwọn ọmọdé tó wà nílé tí mò ń gbé ń fi ìpolówó mi ṣeré: ọ̀kan á ní ẹ̀yìn ń dun òun, èkejì á gbé ike omi fún un. Ọ̀nà tó ń gbà wọlé kò hàn síta. Bí òjò wẹliwẹli ni, o ò mọ̀ pé ó ń pa ọ́ títí aṣọ rẹ fi tutù.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni bí mo ṣe dá wà tó. Nílé, ojú mi ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ kí wọ́n tó mọ ohùn mi. Ní Èkó, gbogbo ènìyàn mọ ohùn mi, ẹnì kan kò mọ̀ mí. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ́jọ́ kan, awakọ̀ náà ń sín ìpolówó mi jẹ bó ti ń wakọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé èmi ni mo ni ohùn yẹn. Ó wẹ̀yìn wò mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má purọ́. Ẹni yẹn máa ga jù yín lọ." Mo gbà fún un. Mo sọ̀ kalẹ̀, inú mi sì bàjẹ́ títí mo fi délé.

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo máa ń pe ilé. Sikirá, àbúrò mi obìnrin, ló ni fóònù tó ń gbé ohùn mi dé ọ̀dọ̀ Màmá. Mo máa ń sọ fún wọn pé ilé iṣẹ́ oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Màmá á máa ṣàdúrà fún mi bí ẹni tó ń ṣàdúrà fún dókítà. Lẹ́yìn ìyẹn, n kì í fẹ́ kí ó dákẹ́. Mo máa ń bi í léèrè ìròyìn ewúrẹ́, ti òrùlé, ti aládùúgbò tí n kò tilẹ̀ fẹ́ràn.

Àwọn obìnrin Kétu kan máa ń wá ra ọjà ní Ọ̀yìngbò lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Ìyá Ráfíù, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, wà lára wọn. N kò mọ̀ pé ó ń wá títí ọjọ́ tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pè mí lẹ́yìn, tí ó ń fi oríkì ilé wa pè mí. Mo ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe ènìyàn lára. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ọjà, n kò wo ọ̀tún, n kò wo òsì.

Ó ní, "Ohùn rẹ ni mo gbọ́! Mo ní, ọmọ wa rèé! Kí ló dé tí màmá rẹ kò sọ fún wa pé nǹkan tí òun ń lò nìyẹn, tí ara rẹ̀ fi ń dán?"

Ibí yìí ni àṣìṣe mi wà, kì í ṣe inú ọkọ̀. Mo lè sọ fún un pé ìpolówó lásán ni. Ṣùgbọ́n ó ń wò mí bí ènìyàn pàtàkì, àwọn tí wọ́n jọ wá sì ń wò mí bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ra ìgò mẹ́ta, ó sì ní ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti Màmá, kí Màmá má baà wí pé ọ̀dọ̀ ọmọ òun ni Ìyá Ráfíù ti ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

Oṣù kan kọjá. Ní ọjọ́ Túsìdeè kan, Sikirá pè mí. Ọjọ́ tí kì í ṣe Sọ́ńdè, mo ti mọ̀ pé kò dára. Ó ní òòyì kọ́ Màmá ní ẹ̀yìnkùlé, ó ṣubú, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga kọjá bó ti yẹ, wọ́n bi í bóyá ó ń lo hóró rẹ̀. Ó ní òun kò lò ó mọ́. Wọ́n tún fún un ní òmíràn, ó dé ilé, kò fọwọ́ kàn án. Dókítà sì ti sọ fún Sikirá gbangba pé bí ìyá bá tún ṣubú báyìí, ó lè máà dìde.

Mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún un.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ padà sídìí hóró yín. Ohun tí mò ń tà yẹn, kì í ṣe fún ẹ̀jẹ̀ ríru."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀? Kí ló wá dé tí ẹ fi ń mu ún?"

"Ìyá Ráfíù dé láti Èkó, ó ní o ń kéde níbẹ̀ pé mò ń lò ó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ènìyàn mẹ́fà ti wá bá mi pé kí n júwe rẹ̀ fún àwọn. Kí ni kí n sọ? Kí n ní ọmọ mi ń fi mí purọ́ ní ìlú onílùú? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mò ń lò ó. Nígbà tí mo ti sọ bẹ́ẹ̀, mo ní láti lò ó. Ìwọ purọ́, kí èmi náà má purọ́."

Ó tún ní:

"O ní kí a gbé hóró tì. Mo gbé e tì."

"Màmá, ẹ lò ó ní kọ̀rọ̀. Ta ló máa rí yín?"

"Ọlọ́run ńkọ́?" Ó mí kanlẹ̀, mo gbọ́ ọ. "Àárín ọjà lo ti sọ ọ́, ọmọ mi. Etí mi nìkan kò tó láti gba èyí tí o ń sọ báyìí. Lọ mú un kúrò níbi tí o gbé e sí."

Mo jókòó láàárín àwọn ìgò wọ̀nyẹn, mo sunkún bí ọmọdé. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń jiyàn pé ìpolówó kì í mú ènìyàn, ohun tí mò ń wò ni bóyá wọ́n gbà mí gbọ́. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè mọ̀ dájú pé irọ́ lo ń pa, kí ó sì tún ṣe ohun tí o wí, nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Ẹ̀gbọ́n Wàhábì ní ìsọ̀. Mo ní kí a yọ gbólóhùn ìyá mi kúrò, kí a sì yọ ti hóró.

"Ọmọ Kétu, orí ẹ pé báyìí? Gbólóhùn yẹn ló ń ta ọjà! Oúnjẹ tí ìwọ náà ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń wá."

"Ẹ̀gbọ́n, màmá mi ṣubú."

Ojú rẹ̀ rọ̀. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ìyá tirẹ̀ ló kọ́ ọ ní àgbo náà, òun fúnra rẹ̀ ń mu ún láràárọ̀. Ó ní, "Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Àmọ́ ṣé mo ní o mú màmá ẹ wọ̀ ọ́ ni? Mo ní o wá ẹnì kan." Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó ní bí òun tilẹ̀ fẹ́, ohùn náà ti wà lọ́wọ́ àwọn tí òun kò mọ̀, wọ́n ti gbà á láti fóònù sí fóònù títí dé Àgége. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó tan mẹ́gáfóònù, ó sì gbé e sórí àpótí bí ti àtẹ̀yìnwá.

Wẹ́sìdeè ni ọjọ́ náà. Mo rí àwọn obìnrin Kétu tí wọ́n ń bọ̀ láti ìhà ojú irin. Mo bọ́ sí ìsọ̀ kejì.

"Àǹtí Fúnkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní mẹ́gáfóònù yín."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi jẹ́wọ́."

Ó wo ojú mi, kò bi mí ní ìkejì. Ó gbé e fún mi, ó sì yí bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan dé kí n gùn ún.

Mo gùn ún. Mo ní, "Ẹ̀yin ará ọjà, ẹ̀yin ìyá mi láti Kétu, ẹ dákun ẹ dúró. Èmi ni mo ni ohùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn. Mo ní ìyá tó bí mi ń lò ó. Irọ́ ni mo pa. Nígbà tí mo sọ ọ́, kò tíì fojú kàn án rí."

Láti ìsọ̀ Ẹ̀gbọ́n Wàhábì, ohùn mi dáhùn pé, "Ìyá tó bí mi náà ń lò ó!"

Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé ohùn sókè. "Irọ́ ni! Hóró dókítà ni ìyá mi ń lò! Nítorí kí ẹ má baà pè mí ní òpùrọ́, ó gbé hóró rẹ̀ tì, ó sì ṣubú!"

"Ẹ gbé hóró tì, ẹ gbé Ìgò Dúdú!"

"Ẹ má gbé e tì! Ẹni tó bá ní hóró dókítà nílé, kó má gbé e tì nítorí tèmi!"

Báyìí ni èmi àti ara mi ń jà lórí atẹ́gùn, tí àwọn ènìyàn ń wo ọ̀tún, tí wọ́n ń wo òsì. Ẹ̀rín náà ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Obìnrin kan tó ti na ọwọ́ sí ìgò kan fà á padà. Nígbà tó yá, Ẹ̀gbọ́n Wàhábì fúnra rẹ̀ na ọwọ́, ó pa mẹ́gáfóònù tirẹ̀. Ohùn mi kan ṣoṣo ló kù.

Ìyá Ráfíù wà níwájú, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ń gba ohùn mi sílẹ̀. Mo yí ojú sí i. "Màmá, irọ́ ni mo fi yín pa. Níbi tí mo ti pa á náà ni mo wà yìí. Ẹ foríjì mí, kí ẹ lo hóró yín."

Ẹ̀gbọ́n Wàhábì kò lù mí, kò bú mi. Ó kàn ní kí n lọ kó ẹrù mi. Ẹrù mi kò kún àpò kan.

Mo rò pé iṣẹ́ ohùn ti parí fún mi ní Èkó nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to bọ́kẹ́ẹ̀tì fún Àǹtí Fúnkẹ́ nítorí n kò mọ ibi tí mo lè lọ. Àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń ránṣọ ní Yábà, gbà mí sí yàrá rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí gbé mẹ́gáfóònù lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n ta ọjà òun, àmọ́ kí n má mú ìyá ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́. Mo ro ohun tí mo mọ̀ nípa bọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Mo ní, "Bọ́kẹ́ẹ̀tì rèé o! Ó ń gba omi dáadáa, kì í jò! Ẹ má gbé e súnmọ́ iná o, yóò yọ́! Ẹ má gbé àlejò tó sanra jókòó lé e, yóò fọ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rà á. Àwọn kan wá láti òdìkejì ọjà láti wo ọkùnrin tó bá ara rẹ̀ jà. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ irọ́ kan, ó jọ pé àwọn ènìyàn ń rò pé kò ní òmíràn mọ́. Ẹ̀rù ìyẹn náà máa ń bà mí. Òótọ́ náà lè di ìpolówó, bí mo bá sì jẹ́ kí ó dùn mọ́ mi lẹ́nu jù, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún un. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá mọ́, mo kọ́kọ́ máa ń da omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, kí n fojú ara mi rí i pé kò jò.

Ẹ̀gbọ́n Wàhábì ti gba ohùn ẹlòmíràn. Ó ti yọ ọ̀rọ̀ hóró kúrò, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tuntun náà ní bàbá òun ń lò ó.

N kì í ṣe àjèjì ní Ọ̀yìngbò mọ́. Wọ́n ń pè mí ní Ọmọ Màmá. Àwọn tí n kò mọ̀ rí á dúró, wọ́n á ní, "Ọmọ Màmá, ṣé ara wọn ti yá?" Ìbéèrè yẹn ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ìlú yìí bá mi lára mu. Nígbà tí ènìyàn bá ń béèrè ìyá rẹ lọ́wọ́ rẹ, kò sí bó o ṣe lè jẹ́ àlejò rẹ̀ pátápátá.

Mo ti sáré ju ìtàn lọ. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tí mo jẹ́wọ́ ni Sikirá pè, mo wà láàárín àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì, oòrùn sì mú. Ó ní Ìyá Ráfíù ti dé. Ó ní Màmá gbọ́ ohùn mi lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n lọ pe àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wá bi í léèrè lọ́jọ́sí, ó mú wọn jókòó, ó ní kí wọ́n gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara wọn. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ló ní òun fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀.

"Dúró," Màmá ló ń sọ̀rọ̀. "Má tíì kí mi."

Mo dúró. Mo gbọ́ tí ọ̀rá hóró ń dún, mo gbọ́ tí ó bu omi. Mo di etí mi kejì kí ariwo ọjà má baà gbé e mọ́ mi lọ́wọ́. Ó mu omi náà, ó gbé nǹkan mì, ó húkọ́ díẹ̀.

"Ó ti wọlé," ló wí.

Àǹtí Fúnkẹ́ ń wò mí, ó ń fi ojú béèrè, mo sì mi orí fún un pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọmọ mi, ṣé o ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́ yín, Màmá."

"Mo ti lò ó. Ṣùgbọ́n má lọ kéde rẹ̀ o."